Bí ẹ ṣe máa yan sípíkà component fún Mustang tòkunbọ̀ yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra Mustang tòkunbọ̀, pàápàá èyí tí Ford ṣe láti 2005 títí dé 2014, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọkọ̀ yẹn ń sáré, ojú ẹ̀ fani mọ́ra, àmọ́ sípíkà inú ẹ̀ ti gbó tán lọ́wọ́ ẹni tó lò ó l'Amẹ́ríkà, etí ẹ̀ ti ya, tẹ́ ẹ bá sì tẹná lé e lórí Third Mainland, ariwo sàlẹ́ńsà àti táyà nìkan lẹ máa gbọ́. Ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n gba Alaba lọ, kí wọ́n ní "ẹ fún mi lèyí tó ń dún jù". Ẹ ní sùúrù ná. Tépù àti sùkúdíráfà lẹ máa kọ́kọ́ mú, ATM ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Coaxial ni sípíkà tí tweeter ẹ̀ (èyí kékeré tó ń gbé ohùn tínrín) jókòó sí àárín wúfà (èyí ńlá tó ń gbé ohùn tó nípọn). Ti component yàtọ̀, wọ́n ti tú wọn ká, wúfà á wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tweeter á lọ sókè, àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ crossover á wá máa pín ohùn fún wọn, èyí tó tínrín fún tweeter, èyí tó nípọn fún wúfà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pín in láàrin 2,500 sí 4,000 hertz (òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe tínrín tó). Ìdí tó fi wúlò nínú Mustang ni pé sípíkà ilẹ̀kùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ohùn tó tínrín kì í sì í yà síbì kan, ọ̀kánkán ló ń lọ, ìyẹn ni pé orúnkún yín ló ń gbádùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ó yá, ẹ tú ilẹ̀kùn. Ihò tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ò rí róbótó o, ó gùn díẹ̀ bí ẹyin, òun ni wọ́n ń kọ 5x7 tàbí 6x8 sí lára páálí, ihò kan náà sì ni wọ́n ń wọ̀. Component tó kún ọjà jẹ́ róbótó, 6.5 íǹṣì, torí náà ẹ máa nílò adapter láàrin wọn, ìyẹn férémù tó máa jẹ́ kí róbótó jókòó sójú ihò yẹn. Oníke wà, àmọ́ èmi fẹ́ràn kí kápẹ́ńtà gé e látara MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, torí ó le, kì í gbọ̀n. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé wọ́n kùn ún ní fáníṣì yíká, títí kan inú ihò tí wọ́n lu, nítorí omi òjò ń gba inú ilẹ̀kùn kọjá, MDF tómi bá sì kàn máa wú ni. Wọ́n ń ṣe component 6x8 gan-an náà, wọn ò kàn pọ̀ ni, ẹ ò sì ní rí ẹ̀yà tẹ́ ẹ máa ṣà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Shaker 500, ẹ̀rọ orin tí Ford fi sínú àwọn kan, ló wà nínú tiyín, ẹ máa rí wúfà íǹṣì 8 nínú ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú. Ẹ má tú ìyẹn dànù, ẹ fi í sílẹ̀ fún bésì.

Ìwọ̀n jíjìn ló máa ń dójú ti èèyàn jù. Ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ pátápátá, ẹ ki tépù bọ inú ihò yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú irin títí tó fi kan gíláàsì. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Lára páálí sípíkà, wọ́n máa kọ mounting depth, òun lẹ máa fi wé e, ẹ rántí pé bí adapter bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa fa sípíkà yẹn síta tó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á síta jù, ike ilẹ̀kùn ò ní padà sáyè ẹ̀ mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti dè é tán, tó ń dún dáadáa, ọ̀gá wá tẹ gíláàsì sílẹ̀ láti sanwó tólugéètì, a kàn gbọ́ "kọ̀ọ̀ọ̀", gíláàsì ti jókòó lé mágínẹ́ẹ̀tì.

Tó bá wá kan wáàtì, ẹ má wo iwájú páálí rárá. 300, 400 ni wọ́n máa kọ gàdàgbà síbẹ̀, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ RMS (wáàtì tó lè gbà títí láìjó) ní kékeré, òun ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Irọ́ yẹn náà ni rédíò ń pa, wọ́n á kọ 50W x 4 sójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná ọkọ̀ ò ju nǹkan bíi 14 volt lọ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ohun tó máa ń jáde gan-an kì í sábà ju 14 sí 22 wáàtì RMS lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ò bá ní ra búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, sensitivity ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún tó pẹ̀lú iná díẹ̀, dB ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ wá 90 dB sókè. DB 3 péré tó bá fi ju ìkejì ẹ̀ lọ, ìdajì iná ló máa jẹ, èyí tó jẹ́ 87 máa nílò 20 wáàtì láti dún tó èyí tó jẹ́ 90 pẹ̀lú 10 wáàtì. Tẹ́ ẹ bá sì máa ra búsítà (mo bẹ̀ yín, ẹ rà á, ariwo Mustang ò ṣeé bá jà pẹ̀lú 20 wáàtì), ẹ wá èyí tó ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní 50 sí 75 wáàtì RMS, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí RMS sípíkà sún mọ́ ọn. Búsítà kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ títí ohùn fi ń fọ́ ló máa ń jó tweeter.

Ẹ béèrè ohm ẹ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. 4 ló wọ́pọ̀, 3 àti 2 wà. Ẹ mú mítà dání lọ sọ́jà, sípíkà ohm 4 tó dáa máa ń fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.7 hàn lójú mítà, tó bá ń sọ nǹkan míì, ẹ dá a padà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi kan ra èyí tó wúwo, rọ́bà dúdú bo mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀, orúkọ gidi wà lára ẹ̀, ìgbà tá a ṣí rọ́bà yẹn la bá mágínẹ́ẹ̀tì tíńtín pẹ̀lú irin lásán tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn kó lè wúwo.

Ojú sípíkà tó jẹ́ bébà ń dún dùn, ṣùgbọ́n òjò wa ò jẹ́ kí n gbà yín níyànjú ẹ̀, polypropylene, ìyẹn oníke, ni kẹ́ ẹ rà fún ilẹ̀kùn. Tweeter sílíkì rọ etí lọ́rùn, oníirin mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ṣí òrùlé ọkọ̀ ẹ̀ lè fẹ́ ẹ, èmi ò lè fara dà á tí gíláàsì bá wà lókè.

Kí wọ́n tó tàn án fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n pa bésì bóòsì tí wọ́n ti fà sókè yẹn, kẹ́ ẹ wá ki flash tiyín bọ̀ ọ́. Jùjú ni mo máa ń lò, King Sunny Adé ló sábà máa ń jẹ́, torí gìtá àti gángan ò ní jẹ́ kí sípíkà rí ibi sá sí. Ẹ tẹ́tí sí gángan yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ń sọ ketekete, ohùn àárín ẹ̀ dáa nìyẹn. Tó bá kàn ń ṣe "gbún gbún" tẹ́ ò mọ ẹni tó ń kì, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìkejì.

Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀, mo lè jà lórí èyí. Ilẹ̀kùn méjì péré ni Mustang ní, wọ́n gùn, irin wọn fẹ́lẹ́, ṣe ló máa ń gbọ̀n. Ẹ ra butyl, rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ irin kó má bàa gbọ̀n, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ fóìlì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ìta látinú, kẹ́ ẹ tún fi dí àwọn ihò ńlá tó wà ní irin inú, àmọ́ ẹ má dí ihò ìsàlẹ̀ tómi ń gbà jáde o. Sípíkà tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n nínú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe báyìí máa dún dáa ju olówó ńlá nínú ilẹ̀kùn lásán lọ.

Igun mẹ́ta oníke tó wà nínú, níbi tí jígí ẹ̀gbẹ́ wà, ni kí tweeter wà, kí ojú ẹ̀ kọ sí àárín ọkọ̀, kó má sì jìnnà púpọ̀ sí wúfà. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí SRS AIRBAG (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan), ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu nǹkan kan síbẹ̀. Kí rewáyà tó so wáyà pọ̀ mọ́ crossover, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt kan wáyà wúfà kọ̀ọ̀kan fìrí, pósítíìfù sí pósítíìfù, ojú wúfà méjèèjì gbọ́dọ̀ yọ síta, tí ọ̀kan bá wọlé, wọ́n ti gbé wáyà kọ́dìí, bésì ò sì ní lágbára. Lẹ́yìn náà ẹ gbé high-pass, ètò tí kì í jẹ́ kí ohùn tó nípọn jù dé sípíkà, sí 80 hertz, tí tweeter bá ṣì ń gún yín létí, ẹ sún bọ́tìnnì orí crossover sí -3 dB.

Ẹ má gbà kí rewáyà gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ford ṣe mọ́ ọn, wọ́n ń ta wáyà adapter tó ń wọ̀ ọ́ tààrà. Ẹ tọ́jú sípíkà àtijọ́ sínú páálí tuntun yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ lọ́la, ẹ dá a padà sáyè ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé component yín lọ sínú òmíì.