Bí a ṣe ń ra synthesizer díjítà àtijọ́, tí a sì ń dá ohùn tiwa sílẹ̀ nínú rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù synthesizer díjítà (dùùrù oníná tí ń ṣẹ̀dá ohùn fúnra rẹ̀) láti àwọn ọdún 1980 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun méjì ni òun ń rà pọ̀: ara ẹ̀rọ náà, àti àwọn ohùn tí ó wà nínú iyè rẹ̀. Ara lè máa dán, kí iyè sì ti ṣófo. Yamaha DX7, tí ó jáde ní 1983, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa rírà rẹ̀ kan Roland D-50 ti 1987 àti Korg M1 ti 1988 pẹ̀lú.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bátìrì lítíọ́mù kékeré kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 3 ni ó ń tọ́jú àwọn ohùn nígbà tí a bá ti paná. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá kú, àwọn ohùn yóò dàrú, ariwo tí kò nítumọ̀ ni ẹ ó sì máa gbọ́. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń ta ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Lórí DX7, ẹ tẹ bọ́tìnì FUNCTION, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì 14. Iye fólítì bátìrì yóò hàn lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ sí 3 dáadáa, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí ó ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà iná kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, tí ó sì ń dùn mí, ni pé wọn kì í kó àwọn ohùn pamọ́ kí wọ́n tó yọ bátìrì. Gbogbo ohùn 32 tí ó wà nínú DX7 kò ju báìtì 4,104 lọ. Wáyà MIDI, èyí tí ohun èlò orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ni ẹ ó fi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ náà ni ẹ ó sì ti dá wọn padà lẹ́yìn iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn kíì 61 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Kíì tí kò dún, tàbí tí ó ń pariwo bí ó ti wù kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ tó, ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á, a sì lè nù ún. Ẹ tẹ bọ́tìnì gbogbo, kí ẹ sì ka iye fólítì tí a kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún iná fólítì 100 ti ilẹ̀ Japan yóò jóná bí ẹ bá kì í bọ iná 220.

Dídá ohùn sílẹ̀ ni ó wù mí jù. Ọgbọ́n FM (frequency modulation) tí DX7 ń lò ni John Chowning ṣàwárí ní Yunifásítì Stanford ní 1967: kí ìgbì ohùn kan máa mi ìgbì mìíràn kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ ohùn yóò fi yí padà. Operator mẹ́fà, ìyẹn àwọn tí ń dá ìgbì sílẹ̀, ni ó wà nínú ohùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 32 ni a sì lè gbà tò wọ́n, èyí tí à ń pè ní algorithm. Àwọn operator kan ni etí ń gbọ́. Àwọn yòókù ń mì wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá di èyí mú ti kọjá ibi tí ó le jù.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ẹ tẹ FUNCTION àti 10, kí ẹ gbà fún VOICE INIT, èyí tí ó ń mú ohùn padà sí ìpìlẹ̀. Operator 1 nìkan ni yóò máa dún, OUTPUT LEVEL (agbára) rẹ̀ yóò sì wà ní 99. Àwọn márùn-ún yòókù wà ní 0. Nínú algorithm 1, operator 2 ni ó ń mi operator 1. Ẹ gbé OUTPUT LEVEL operator 2 sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí ohùn pẹ̀lẹ́ náà ṣe ń mú sí i títí tí yóò fi le bí ti fèrè onídẹ. Ẹ yí FREQUENCY COARSE rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìpín ìyára ìgbì rẹ̀ sí ti kíì tí ẹ tẹ̀, láti 1 sí 14, ohùn bí agogo kékeré yóò sì jáde. Bí ìpín náà kò bá jẹ́ odindi, bíi 3.50, ohùn irin ni yóò dà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí operator 2 tètè rọlẹ̀ nípasẹ̀ RATE (ìyára) àti LEVEL (ìwọ̀n agbára) mẹ́rin-mẹ́rin tí ó ní, kí ó lè jẹ́ ìgbà tí ìka bá kan kíì nìkan ni mímú ohùn yóò hàn. Ẹ gbé KEY VELOCITY rẹ̀ sókè, kí agbára ìka lè máa yí àwọ̀ ohùn padà. Ibí yìí ni ẹ̀mí ohun èlò náà wà. Nígbà tí ó bá yé yín, ẹ lọ sí algorithm 5, níbi tí irú tọkọtaya operator bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ mẹ́ta: ẹ fi ọ̀kan ṣe ara ohùn, èkejì ṣe ìró ìkànlù, kí ẹ sì fi DETUNE yẹ ìró ẹ̀kẹta díẹ̀.

Bí ẹ bá bọ́ sí ohùn mìíràn kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín pamọ́, yóò sọnù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé FUNCTION àti 9 lè dá a padà bí ẹ bá tètè rántí. Láti fi í pamọ́, ẹ kọ́kọ́ pa MEMORY PROTECT (ohun tí ń dáàbò bo iyè ẹ̀rọ), kí ẹ di STORE mú, kí ẹ sì tẹ nọ́ḿbà tí ẹ fẹ́.