Bí mo ṣe dín ẹlẹ́rìndòdò kù nídìí máṣíìnì

Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń fi téèpù wọn ìbàdí oníbàárà láti àárọ̀ dalẹ́, kò yẹ kí sísanra yà á lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì dúdú mi láàárín ọdún kan, tí mò ń sọ pé aṣọ ló súnkì. Nígbà tí mo fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí aṣọ mọ́ lójú rírán. Mo wọn ara mi: ínǹṣì 41. Ínǹṣì 36 ni mo wà nígbà tí mo rán an.

Oúnjẹ mi ò yí padà. Àmọ́ ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹlẹ́rìndòdò tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Bó bá di aago méjì ọ̀sán, tí iná ti lọ, tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ń jó wa lójú, màá ní kí wọ́n bá mi mú ọ̀kan wá. Tó bá di aago márùn-ún, òmíràn.

Ọjọ́ tí mo ka ara ìgò yẹn lojú mi là. Gíráàmù ṣúgà 10.6 nínú mílílítà 100, ìgò mi sì jẹ́ mílílítà 500. Gíráàmù 53 nìyẹn. Ṣíbí ìpotíì kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 lọ, ni mo bá gbé ṣúgà kalẹ̀, mo ń bù ú sínú abọ́ lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Nígbà tí mo dé orí ìkẹjọ, èyí tó kéré jù ní, “Ọ̀gá, ògì ilé ta ni gbogbo ṣúgà yìí?” Mo bù ú dé mẹ́tàlá. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá okun tí oúnjẹ ń fún wa. Fún àgbàlagbà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50 lójúmọ́. Ìgò kan ti kọjá ẹ̀, méjì ni mo sì ń mu. Kò tiẹ̀ yó mi. Mo mu ún tán, mo tún jẹ àmàlà mi bó ṣe wà.

Mo kọ́kọ́ dá a dúró pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, orí fọ́ mi débi pé mo gé ọwọ́ bùbá oníbàárà sódì. Èyí tí mò ń mu ní kaféìnì nínú, ara mi sì ti mọ́ ọn. Mo padà sí ọ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì. Mo tún sá lọ sídìí júùsì inú páálí, mo ní ọsàn ṣáà ni. Nígbà tí mo ka ẹ̀yìn páálí náà, ṣúgà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti inú ìgò.

Kúlà ló gbà mí. Àṣé òtútù lọ̀fun mi ń wá, kì í ṣe adùn. Mò ń gbé omi àti yìnyín wá láti ilé. Nígbà míì mo máa ń gé apálá àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń se sóbò: ìṣápá pupa, ata ilẹ̀ tí mo gún, kànáfùrù, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, láìsí ṣúgà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó kan gógó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń fún ojú pọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ahọ́n wa tó gbà á. (Èyí tí mo rà lójú títì dùn bí oyin, mi ò rà á mọ́.)

Ìyá ọkọ mi ni mi ò rí ọgbọ́n dá sí. Wọ́n ṣí máàtì fún mi, mo ní omi ni mo fẹ́. Ojú wọn yí padà: “Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe fún ọ?” Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo mu ìdajì, mo rọra ti ìyókù sọ́dọ̀ ọkọ mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, téèpù ní 39. Mo ṣì ń mu ìgò kékeré kan lọ́jọ́ Àìkú. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú ti ń wọ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé. Ó di 38.