Ẹ Má Fi Aṣọ Ẹbí Bẹ̀rẹ̀: Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìpàdé Sẹ́ẹ̀tì Jẹ́ ní Ìkòròdú

Sẹ́ẹ̀tì wa jáde ní 1992. Ọdún 25 lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká ríra, àwòrán ànkárá ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé sórí WhatsApp. A ò tíì pé ogún níbẹ̀. A ò tíì mọ ẹni tó wà láyé àti ẹni tó ti lọ, ẹnì kan ti ń ṣírò owó aṣọ: ₦15,000, kí oṣù tó parí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ wa kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Sábó rọra jáde nínú gúrúùpù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé máàtì rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dà kọ láàárọ̀ kí tíṣà tó wọlé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó padà. Bí aṣọ bá pọn dandan, ẹ ní kí kálukú wọ funfun tó ní nílé.

Ẹ má sì jókòó ti Facebook kí ẹ máa tẹ orúkọ inú rẹ́jísítà. Orúkọ ọkọ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń jẹ́ níbẹ̀ báyìí, àwọn ọkùnrin kan sì ti di Àlàájì tàbí Pásítọ̀. Oṣù mẹ́rin la fi wá ẹnì kan tì. Mo wá gba ilé wọn lọ ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Bí mo ṣe dárúkọ tó ń jẹ́ nílé ìwé, "Lẹ́pa", ni àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní nọ́ńbà. (Lẹ́pa kì í ṣe lẹ́pa mọ́ o. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.)

Ta ni ọmọ sẹ́ẹ̀tì gan-an? Ẹ yanjú èyí tètè. Àwọn kan ń ka ọdún tí wọ́n wọlé, àwọn kan ń ka ọdún tí wọ́n jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó parí ní Fọ́ọ̀mù Fáìfù lo ọdún márùn-ún. Láti ìgbà SSCE àkọ́kọ́ ní 1988, mẹ́fà ni. Ẹni tó tún kíláàsì ṣe ní sẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ má lé e. Ẹni tó fi JSS 3 sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ńkọ́? Tiyín ni.

Ọjọ́ ìpàdé ló dùn mí jù, torí èmi ni mo yàn án. Mo mú Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, mo san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, a tẹ bánà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kéde Orò. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: obìnrin kò ní jáde lọ́jọ́ náà, obìnrin sì pọ̀ nínú wa. Onígbọ̀ngàn kò dá kọ́bọ̀ padà. Ọmọ bíbí ìlú ni mí, n kò sì bi àgbà kankan kí n tó mú ọjọ́!

Ẹ má kọ aago mẹ́wàá àárọ̀ sínú ìwé ìpè. Àwọn ará Sùúrùlérè máa gba Mile 12 kọjá, ẹ sì mọ bí ọjà ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní Sátidé. Aago kan ọ̀sán dára. Ẹni tó bá gba orí omi wá sí Èbúté gbọ́dọ̀ tètè padà, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Owó ńkọ́? Kó má wà nínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a tún un ṣe, a ò to àga ọlọ́lá síwájú, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá sọ ipò tó wà. Tíṣà máàtì wa àtijọ́ la gbé rẹ́jísítà fún. Ó ń pè, à ń dáhùn. Níbi tí kò ti sí ìdáhùn, ó dúró díẹ̀ kó tó ṣí ojú ìwé. Ó kan ọlọ́kẹ̀kẹ́ wa. Ó dìde nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní, "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà!"

Bàbá gbójú sókè, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ìwọ lo máa ń jẹ́ kí wọ́n dà á kọ, àbí?"