Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Ilẹ̀ àti Omi Létí Adágún Ẹlẹ́yẹlé

Adágún Ẹlẹ́yẹlé kò jìnnà sí ìgboro Ìbàdàn rárá. Ní ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí omi ẹ̀rọ lè wà fún ará ìlú, síbẹ̀ ẹni tó bá dé etí rẹ̀ ní ìdájí yóò rò pé òun ti dé oko. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń ya àwòrán ilẹ̀ àti omi kí a tó fi kámẹ́rà yà á. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó yọ fóònù, tó sì ya ohun tó kọ́kọ́ rí, àwòrán tí gbogbo èèyàn ti yà ni yóò gbé lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ rìn létí omi ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti le jù fún àwòrán, kí ẹ máa wo ibi tí etí omi ti yà, igi tó dá dúró, àti ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ igi wọn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya yíyọ oòrùn lójú omi ní láti dúró sí etí ìwọ̀-oòrùn, kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó yí i padà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀ ni, àmọ́ mo ti jí ní aago márùn-ún rí, tí mo to gbogbo ẹrù mi sílẹ̀ tán, tí oòrùn sì yọ lẹ́yìn mi, lókè òrùlé ilé onílé. Ní ọjọ́ ìrìn yìí kan náà ni kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, nítorí iléeṣẹ́ omi ìjọba ni, wọn kò sì ní fẹ́ràn ẹni tí wọ́n bá ṣàdédé rí pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá nítòsí ìdídò.

Ní Ìbàdàn, oòrùn máa ń yọ láàrin aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, bí oṣù bá ṣe rí. Nítorí pé a kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ńṣe ló ń gòkè tààrà, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ tó dà bíi wúrà náà kì í sì í pẹ́ rárá. Ẹ ti dé ibẹ̀ ó kéré tán ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ lójú ọ̀nà, torí pé kámẹ́rà tó tutù tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin yóò láàágùn lójú: ẹ ó nù ún, yóò tún bò, ẹ ó tún nù ún, oòrùn yóò sì ti yọ tán.

Àléébù tó pọ̀ jù nínú àwòrán etí omi ni pé kì í tẹ́jú. Òkè lè dagun, ọ̀nà lè dagun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé omi adágún kì í dagun, nítorí náà ojú ẹni tó ń wò ó yóò kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tan ìlà grid (àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń dá ojú àwòrán sí ọ̀nà) lójú fóònù tàbí kámẹ́rà yín, kí ẹ fi ìlà kan lé ibi tí omi ti parí. Ẹ má fi ibẹ̀ sí àárín gan-an, àfi bí omi bá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji igi hàn nínú rẹ̀ bíi ti inú dígí. Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá òwúrọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ tó jí.

Èkejì ni ojú ọ̀run tó ń funfun báláú. Lórí fóònù, ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú rẹ̀, kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré náà sísàlẹ̀ títí àwọ̀ ọ̀run yóò fi padà. Ilẹ̀ yóò ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè tan ìyẹn nígbà tó bá yá, a kò lè dá ọ̀run tó ti ṣòfò padà. Fún kámẹ́rà, mo máa ń lo f/11 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ihò ń kéré tó) àti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) lórí sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń fún irú àwòrán yìí ní ìjìnlẹ̀ ni ohun tó wà nítòsí ẹsẹ̀ yín. Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: gbogbo wa la ń fi í ṣàdúrà, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ti kúnlẹ̀ wò ó? Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, mo rí ẹ̀kán ìrì kan láàrin ewé òṣíbàtà, kò tó ẹyọ àgbàdo, òkè odò lódìkejì sì dojú dé nínú rẹ̀ pátápátá. Àwòrán tí mo mú wálé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kì í ṣe ti oòrùn.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku yóò gbé igi òdìkejì mì. Ẹ má bá a jà. Oòrùn pupa bí epo ni yóò máa wọ̀, a sì lè tẹjú mọ́ òjìji dúdú igi àti ọkọ̀ igi níwájú rẹ̀. Kìkì pé kí ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Ní àkókò òjò ni ojú ọjọ́ ń mọ́ jù, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ṣùgbọ́n etí omi ń yọ̀. Ẹ jìnnà sí ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá ìdídò. Ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011.

Ní ti èèyàn, ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Mo kí bàbá apẹja kan pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?” Ó ní, “Yà á, ọmọ mi, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọ̀n yìí ná.” Mo yára gbé ISO lọ sí 800, mo ṣí f/11 sí f/5.6, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó láti ya àwòrán náà láàrin 1/500 ìṣẹ́jú àáyá péré, kí ohun tó ń yí má bàa dàrú, nítorí pé bó ṣe ń fa àwọ̀n náà jáde, tí omi ń já bọ́ lára rẹ̀ nínú oòrùn, ni mo fẹ́.