Sípíkà Àtijọ́ Mọ́ Kọ̀ǹpútà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Sípíkà ayé àtijọ́ tó jẹ́ pé ojú wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì lè dùn ju àwọn kékeré tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà lónìí lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń fo ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà.

Wọ́n á gé wáyà hẹ́dífóònù, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ti sípíkà, wọ́n á tì í bọnú kọ̀ǹpútà. Bó bá tiẹ̀ dún, á máa kùn bí ẹ̀fọn. Ẹ má dán an wò. Hẹ́dífóònù ni wọ́n ṣe ihò 3.5 mm ara kọ̀ǹpútà fún, hẹ́dífóònù sì sábà máa ń jẹ́ ohm 16, 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná: bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà ṣe ń pọ̀ tó. Sípíkà ilé kò sábà ju ohm 4 sí 8 lọ, nítorí náà iná tó ń béèrè kọjá ohun tí ihò náà lè fún un. Ojú iná USB kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá: fólítì 5 ló ń jáde níbẹ̀, kì í ṣe orin, kọ́ìlì inú sípíkà ló sì máa gbóná.

Bí ẹ bá ti wá rí ampilifáyà, ẹ má ki kọ̀ǹpútà bọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn. Ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù kéré púpọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e sókè tí wọ́n sì ń dá báàsì rẹ̀ padà. Ohùn kọ̀ǹpútà tó bá gba ibẹ̀ á há ni. AUX, CD tàbí LINE IN ni kẹ́ ẹ lò.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni kí wáyà sípíkà kan yí padà, kí pupa wà níbi dúdú. Kò ní jóná, á sì máa dún, ṣùgbọ́n báàsì á pòórá, torí pé bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síta ni èkejì ń fà á wọlé. Wọ́n á wá máa bú sípíkà pé ó ti gbó! Bí àmì ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ yọ sípíkà kúrò lára ampilifáyà, kí ẹ fi bátìrì 1.5 V kan wáyà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí bébà iwájú sípíkà, èyí tó máa ń mì, bá yọ síwájú, ojú tó kan orí bátìrì ni ti pupa.

Ẹ pa iná ampilifáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ má sì jẹ́ kí irun wáyà kan fara kan èkejì. Sípíkà ohm 8 méjì tí ẹ bá so pọ̀ sójú kan di ohm 4. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ampilifáyà bóyá ó gbà á.