Methotrexate: Ẹ̀ẹ̀kan Lọ́sẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ojoojúmọ́

Ikú ìyá kan ní abúlé kan nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ló fa ìwé yìí. Làkúrègbé tó ń mú oríkèé ọwọ́ wú ló ń bá a jà, wọ́n sì fún un ní methotrexate, pé kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi lò ó láràárọ̀. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé oògùn mì, ẹ mọ ìyẹn. Ọjọ́ lílò ni ẹ kì í fẹ́ gbọ́.

Oògùn yìí ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, kí wọ́n yé bá oríkèé jà. Kì í ṣe oògùn ara ríro. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Bí ọwọ́ bá ń ro yín lẹ́yìn ebè kíkọ, ẹ má fi hóró kan kún un.

Tí a bá sì ní ọ̀sẹ̀, a ò sọ ti ọjà. Àwọn àgbà tó ń fi ọrún-ọrún kajọ́ máa ń ṣìnà níbí. Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ajé ni. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí apòògùn kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí. Gbàrà tí ẹ bá gbé e mì, ẹ fa ìlà sí kàlẹ́ńdà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa mú un jáde nínú ilé. Kó má jẹ́ ìyàwó láàárọ̀, ọmọ lálẹ́.

Hóró 2.5 mg ni kí ẹ máa gbà, torí pé ti 10 mg wà. Ẹni tí wọ́n ní kó lo 15 mg á ka hóró 6 ti 2.5. Bó bá jẹ́ 6 ti 10 ló kà, 60 mg ló gbé mì yẹn. Folic acid 5 mg, fítámì tí wọ́n ń fi tì í lẹ́yìn, àwọ̀ ìyeyè lòun náà sábà máa ń ní, bíi methotrexate gan-an. A kì í lo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Síbẹ̀, inú ọ̀rá kan ni ẹ ń dà wọ́n sí! Ẹ fi kálukú sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé, tí ọjọ́ 2 ò tíì kọjá, ẹ lò ó. Bó bá ti kọjá, ẹ dúró de ọjọ́ yín tó ń bọ̀. Ẹ má lo ìlọ́po méjì.

Septrin tí ẹ máa ń sáré rà ní kẹ́míìsì, ó léwu púpọ̀ pẹ̀lú oògùn yìí. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó fi oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí diclofenac kún un. Ẹ jìnnà sí ọtí, àti agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá, ẹni tó sì fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín: ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 síra níbẹ̀rẹ̀, títí ara á fi gbà á, lẹ́yìn náà oṣù 2 sí 3 síra. Ẹ ń rówó ra aṣọ ẹbí, ẹ ò rówó àyẹ̀wò.

Egbò ẹnu, ọ̀fun dídùn, ibà, ara tó ń dápàá bí ẹni tí wọ́n lù, èémí tó ń já: bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti lò ó lójoojúmọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko, kó má dúró de àárọ̀. Ẹ má fún un lépo pupa. Folinic acid ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun rẹ̀, kì í ṣe folic acid tó wà nílé, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bó bá tètè wọra. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.