Ẹ̀rọ Tó Dára Nínú Páálí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ṣe Fóònù Tà

Pọ́wá báńkì kan wà nílé mi tí wọ́n kọ 20,000 mAh gàdàgbà sí lára (mAh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà). Bátìrì fóònù mi kò ju 5,000 lọ, ni mo bá ṣírò rẹ̀ lọ́jà pé yóò kún fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sanwó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kún un, ó kú fin-ín.

Kí n má parọ́, ojúlówó pàápàá kò lè kún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Bátìrì inú rẹ̀, 3.7 volt ni (volt ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti iná lọ). Ẹnu USB, 5 volt. Bí iná bá gòkè láti 3.7 dé 5, 20,000 yẹn á di 14,800, fóònù á tún fà á wálẹ̀ kó tó gbà á, ooru á sì máa bù jẹ nínú rẹ̀ ní ìkòríta méjèèjì. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì àtààbọ̀ ló yẹ ká máa retí. Àwọn tó ṣe é mọ̀. Nọ́ńbà tó tóbi jù ni wọ́n mú kọ sára páálí, torí páálí lèèyàn ń rí kó tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtiṣe ẹ̀rọ tà, ẹ má ṣe é fún páálí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹ lè kọ megapixel 108 (iye ààmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) sára kámẹ́rà, tí àwòrán alẹ́ á ṣì rí bí ẹni pé inú èéfín la ti yà á.

Ẹ wo ohun tí Tecno ṣe. Transsion, ilé iṣẹ́ tó ni ín, tó fìdí kalẹ̀ sí Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọn ò bá Nokia du ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù. Wọ́n rí i pé nílẹ̀ Áfíríkà, pípe nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ń jẹ owó ju pípe tẹni lọ, pé àwọn èèyàn wá ń gbé fóònù méjì kiri, ọ̀kan lápò ọ̀tún, ọ̀kan lápò òsì. Ni wọ́n bá ki síìmù méjì bọ inú fóònù kan. Ọdún 2010 ni Nokia tó kéde tirẹ̀. Wọ́n fi bátìrì tó lè fara da ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ sí i, wọ́n sì tún kámẹ́rà ṣe kó lè ya aláwọ̀ dúdú kí ojú rẹ̀ hàn. Ẹni tó ní fóònù náà lọ́wọ́ ni gbogbo èyí wà fún. (Lónìí, àwọn náà ti ń kọ nọ́ńbà ràgàjì sára páálí. Kò dùn mọ́ mi.)

Ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú tì yín jáde. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Samsung gbé Galaxy Note 7 síta, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Wọ́n gbà á padà, wọ́n fi òmíràn rọ́pò, òmíràn náà tún gbiná. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, wọ́n pa á tì. Nínú àlàyé tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2017, àyè kò tó fún bátìrì àkọ́kọ́, igun rẹ̀ ń fún pọ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló ní ṣóńṣó tó gún un nínú. Mo lè forí ji ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹni tí iná ti jó lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún ń sáré fún?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí Apple yọ ihò íyápíìsì kúrò lára iPhone 7 ní 2016, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi AirPods, íyápíìsì tí kò ní okùn, han aráyé. Ohun tí wọ́n máa tà dípò okùn ti wà nílẹ̀. Samsung fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpolówó, lẹ́yìn náà ni òun náà yọ tirẹ̀ lára Note 10 ní 2019. Ilé iṣẹ́ kékeré tó wá ń wò wọ́n ṣe é kò ní nǹkan kan láti fi rọ́pò. Ó kàn já nǹkan gbà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ẹ̀rọ tó ń kú pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Humane, tí àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ ní Apple rí dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta AI Pin ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àyà aṣọ ni wọ́n ń fi í há, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn bí ojú fóònù. Dọ́là 699 ni wọ́n ń tà á, ẹni tó rà á á tún máa san dọ́là 24 lóṣooṣù. Ọdún kan kò pé tí HP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, fi ra ọ̀pọ̀ nínú dúkìá wọn ní mílíọ̀nù 116 dọ́là, Humane sì ní kí àwọn oníbàárà mọ̀ pé ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025, ẹ̀rọ náà kò ní í pe ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì ní í dáhùn ìbéèrè kankan. Nínú ohun tí wọ́n ní ó ṣì lè ṣe, èyí tí wọ́n dárúkọ ni pé yóò máa sọ iye iná tó kù nínú bátìrì rẹ̀.